Ọ̀bẹ Kọ́ Ló Jí Jẹjẹrẹ Lójú Oorun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn èèyàn ti tún sọ lọ́jà, nínú ọkọ̀, níbi òkú àti lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò títí ó fi fẹ́ dà bí òtítọ́, òun náà ni pé jẹjẹrẹ kì í fẹ́ ọ̀bẹ, pé bí oníṣègùn bá ti fi irin kàn án, ńṣe ló jí i lójú oorun, yóò sì tàn ká gbogbo ara. Ẹ̀rí kan ṣoṣo ni àwọn tó ń sọ ọ́ ní: wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lágbájá, àrùn náà padà, ó sì kú. Ẹ̀rí náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ó ti tó láti mú kí ẹni tí egbò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ahọ́n rẹ̀ jókòó sílé, kí ó máa fi àgbo fọ ẹnu títí tí kò fi ní lè gbé itọ́ mì mọ́. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní ohun tí à ń bọ̀wọ̀ fún, nítorí èèyàn ló ń pa.

Àwọn kan a ní afẹ́fẹ́ tó bá ọ̀bẹ wọlé ló ń fà á, wọn kò sì rántí pé ojú ọ̀nà èémí gan-an ni jẹjẹrẹ ẹnu, ti ọ̀nà ọ̀fun àti ti gògóńgò ń gbé, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí i tọ̀sántòru kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀bẹ. Àwọn mìíràn a ní bíbu ẹran bíńtín fún àyẹ̀wò ló ń tú u ká. Èyí ṣọ̀wọ́n gidigidi, bẹ́ẹ̀ ni láìbu ẹran náà, kò sí ẹni tó lè fi ìdánilójú sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí òun kọ́.

Ìbéèrè tó gba àròjinlẹ̀ ni ìdí tí àrùn náà fi máa ń padà síbi tí a ti gé e. Nínú jẹjẹrẹ orí àti ọrùn 100, ó lé ní 90 tó jẹ́ pé inú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú ẹnu, ọ̀fun àti gògóńgò ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn hóró tó para pọ̀ di ara, tí wọ́n kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn. Ní ọdún 1953, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Slaughter àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde lórí aláìsàn 783 tó ní jẹjẹrẹ ẹnu; wọ́n rí i lábẹ́ máíkírósíkóòpù pé awọ tó wà kọjá bèbè àrùn náà ti yí padà pẹ̀lú, wọ́n sì fi gbogbo àyíká yẹn wé pápá. Àgbẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí ó bá fi ọkọ́ há koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀, koríko náà yóò hù padà, ṣùgbọ́n kò sí àgbẹ̀ tí yóò sọ pé ọkọ́ ló bí i.

Ohun tí ojú kò rí yìí ni àwọn onímọ̀ ń fi ìmọ́lẹ̀ wá. Nínú ọ̀kan lára ọ̀nà wọn, a ó pa iná yàrá, a ó sì tan iná aláwọ̀ búlúù sí ahọ́n. Ara tó dá ṣáká yóò tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà láti inú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àrùn ti bà jẹ́ kò ní lè tàn mọ́, yóò ṣókùnkùn bí ilẹ̀ tí a dáná sun. Ní Vancouver, ní Kánádà, wọ́n tan iná yìí sí jẹjẹrẹ ẹnu 20, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2006: nínú 19, òkùnkùn náà kọjá ibi tí ojú lásán rí àrùn náà dé, nígbà mìíràn títí dé mílímítà 25, èyí tó tó fífẹ̀ àtàńpàkò. Oníṣẹ́ abẹ mọ̀ pé ojú ń tanni, ìdí nìyí tí ó fi máa ń gé ara tó dára mọ́ àrùn náà yíká, tí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yóò sì fi yíǹkì kun bèbè ẹran tí a gé jáde kí ó tó rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, kí ó lè wọn àyè tó wà láàárín jẹjẹrẹ àti bèbè náà. Bí àyè yẹn kò bá tó mílímítà 5, ọkàn wọn kì í balẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò lọ jìnnà tó ni wọ́n ń bẹ̀rù, kì í ṣe ọ̀bẹ tó kan àrùn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ iná náà di òrìṣà, nítorí ara tó kàn wú lásán lè ṣókùnkùn lábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Kánádà lórí èèyàn 443 tí àrùn wọn kò tíì dàgbà, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2020, àwọn tí a fi iná búlúù ṣe amọ̀nà ọ̀bẹ fún kò sàn ju àwọn tí a lo iná lásán fún. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni a ṣe iṣẹ́ abẹ fún, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ni àrùn náà kò sì padà sí ojú ibi tí a ti gé e ní gbogbo àkókò tí a fi ń ṣọ́ wọn. Bí ọ̀bẹ bá ń jí jẹjẹrẹ, ta ló pàṣẹ fún tiwọn pé kí ó máa sùn?

Egbò ẹnu tí kò san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3, ohùn tó há fún ọ̀sẹ̀ 3, kókó tó yọ lọ́rùn tí kò wọlẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn: kí a bu ẹran díẹ̀, kí a yẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ tó ṣeé gé, kí a gé e nígbà tó ṣì kéré. Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Ẹni tí a fi ìtàn ọ̀bẹ dá dúró nílé fún ọdún kan yóò dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ nígbà tí àrùn ti kún ọrùn rẹ̀, bí ó bá sì kú, àwọn tó dá a dúró ni yóò kọ́kọ́ pariwo pé ọ̀bẹ ló pa á. Ọ̀rọ̀ wọn ló pa á, wọ́n sì tún ń fi òkú rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí.