Ẹni Tí Ó Rán Ọmọ Níṣẹ́ Ni Kí Ó Gba Èsì

Ní Ọjà Ọba ní Ìbàdàn, nítòsí òkè Màpó, ìyá elélùbọ́ a máa rán ọmọ rẹ̀ lọ ṣẹ́ owó. Ọmọ a lọ, a sì padà. Ṣùgbọ́n bí ìyá bá ń bá oníbàárà nájà tí kò bojú wẹ̀yìn, ọmọ yóò dúró ti àtẹ pẹ̀lú owó lọ́wọ́. Iṣẹ́ ti parí, a kò sì tíì tú ẹni tí ó jẹ́ ẹ sílẹ̀. Ta ni ó jẹ̀bi? Ní èrò tèmi, ẹni tí ó rán an ni. Irú ọ̀ràn yìí a máa ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ènìyàn a sì máa dá ọmọ lẹ́bi.

Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tí ó dàbí olórí ọjà, tí ó ń pín àyè àti àkókò fún gbogbo iṣẹ́. Ní ọdún 1991 ni Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux, tí í ṣe gbòǹgbò irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ni ó lè ka bí a ti ṣe é, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ní ọdún 1993 ni a bẹ̀rẹ̀ Debian. Láti inú Debian ni Ubuntu ti jáde ní ọdún 2004, èyí tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, dá sílẹ̀.

Nínú Linux, iṣẹ́ kan a máa bí òmíràn. Nígbà tí ọmọ bá parí iṣẹ́ rẹ̀, yóò kú, yóò sì dá àyè tí ó gbà padà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà rẹ̀ yóò wà nínú ìwé orúkọ títí òbí yóò fi béèrè bí iṣẹ́ ti yọrí sí. Bí òbí kò bá béèrè, orúkọ òkú kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ̀rọ a kọ “defunct” sí i lára; àwọn onímọ̀ a máa pè é ní zombie. Àṣẹ tí ó le jù lọ kò ràn án, nítorí pé ta ni ó lè pa òkú? Ọ̀kan tàbí méjì kò pani lára. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ní òpin, bí òkú bá sì pọ̀ jù, ọmọ tuntun kò ní rí àyè. Òbí ni kí a tún ṣe. Bí a bá dá òbí náà dúró, iṣẹ́ kìn-ín-ní, baba gbogbo wọn, a sábà máa gba àwọn ọmọ òrukàn náà, a gba èsì wọn, wọn a sì lọ.

Ọ̀ràn kejì ni ìjà àwọn ẹrù ètò tí a ń pè ní package. Bí méjì bá fẹ́ gbé fáìlì kan náà sí ojú kan náà, Debian yóò kọ̀, bí ìyálọ́jà kò ti ní gbà kí ẹni méjì pàtẹ sí ojú kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹrù tí a kò ṣe fún irú ètò tí ó wà lórí ẹ̀rọ wa ni ó ń dá ìjà sílẹ̀. Àṣẹ ipá wà tí yóò mú un wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó lò ó láì ka ìdí ìkọ̀sílẹ̀ náà kò parí ìjà, ó kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a nu ohun gbogbo, kí a bẹ̀rẹ̀ lọ́tun.” Lóòótọ́, bí a bá pa ẹ̀rọ tí a sì tún un tan, òkú yóò lọ, ṣùgbọ́n bí òbí aláìbìkítà náà bá padà dé, òkú mìíràn yóò tún kún ilé. Bí a bá sì nu ẹ̀rọ, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni lè bá a lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ka ohun tí ẹ̀rọ wí, kí ẹ sì wá ẹni tí iṣẹ́ já lé léjìká. Nígbà tí ẹ bá rí àṣìṣe náà, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn tí ń tọ́jú ètò náà, nítorí pé gbangba ni Debian ti ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó nu ẹ̀rọ rẹ̀ tún ọ̀kan ṣoṣo ṣe. Ọmọ Ìbàdàn tí ó tọ́ka sí àṣìṣe náà lè tún ti ẹni tí kò mọ̀ rí ṣe ní òkè òkun.