Ọ̀rá Ikùn Tó Ṣí Lọ Sí Ẹ̀rẹ̀kẹ́: Ọdún Mélòó Ni Yóò Lò Níbẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó máa dá ni láṣọ, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Òwe yìí ló yẹ kí á fi sọ́kàn lọ́sẹ̀ yìí, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí pé àwọn kan wà nígboro báyìí tí wọ́n ń dá aṣọ ọ̀dọ́ fún àwọn tó ti ń dàgbà. Wọ́n ní kí ìyá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn, tí abẹ́ ojú rẹ̀ ti wọnú, má sọ̀rètí nù. Wọ́n ní àwọn yóò fa ọ̀rá jáde níkùn rẹ̀, àwọn yóò fi abẹ́rẹ́ fi í sójú, ojú náà yóò sì tún máa dán bí ti ọmọge. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni irọ́. Iṣẹ́ abẹ náà wà, ó ti pẹ́ láyé, àwọn onímọ̀ gidi sì ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń fi kádìí ìpolówó wọn ló kọ wá lóminú: wọ́n ní "títí láé" ni.

"Títí láé" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀. Ó lè tìtorí rẹ̀ kó owó tó fi sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó yẹ kó fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà wò finnífinní: bí wọ́n bá gbé ọ̀rá láti ikùn lọ sí ojú, ọdún mélòó ni yóò lò níbẹ̀?

OHUN ALÀÀYÈ NI

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí á mọ̀ ni pé ọ̀rá tí à ń wí yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ara ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà gan-an ni wọ́n ti ń mú un, ìbáà ṣe níkùn, ìbáà ṣe nítan. Dókítà yóò fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó nihò nínú fà á jáde, yóò yọ ẹ̀jẹ̀, omi àti òróró kúrò nínú rẹ̀, yóò sì wá máa fi í sábẹ́ awọ ojú díẹ̀díẹ̀. Ó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń pè ní filler, èyí tó ń ti ilé iṣẹ́ jáde. Filler tí wọ́n fi hyaluronic acid ṣe, ara ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ó sábà máa ń lo oṣù mẹ́fà sí ọdún kan àbọ̀, kí ojú tó padà sí bó ṣe wà.

Ọ̀rá ní tirẹ̀ ń jẹun, ó sì ń mí, inú ẹ̀jẹ̀ ló ti ń rí méjèèjì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́ níkùn, wọ́n ti gé e kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá oko kòkó rí yóò tètè lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá hú ọmọ kòkó níbi tó ti ń tọ́jú rẹ̀, tó lọ gbìn ín sóko, mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò yè. Àwọn kan yóò rọ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti ta gbòǹgbò, ó ti di igi nìyẹn, ọmọ-ọmọ lè ká èso rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rá tí wọ́n gbìn sójú rí. Èyí tí kò rí ẹ̀jẹ̀, yóò kú, ara yóò sì gbé e mì. Èyí tó rí ẹ̀jẹ̀, yóò di ará ibẹ̀.

ÀWỌN TÓ KỌ́KỌ́ DÁN AN WÒ

Dókítà ará Jámánì kan, Gustav Neuber, ló ròyìn lọ́dún 1893 pé òun mú ọ̀rá láti apá aláìsàn kan, òun sì fi dí ojú àpá tó jìn sínú lójú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni Neuber ti ṣàkíyèsí pé ègé kéékèèké ló ń ṣe dáadáa, pé ègé ńlá kì í yè tó bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1950, Lyndon Peer, oníṣẹ́ abẹ ará Amẹ́ríkà, wọn ọ̀rá tí wọ́n ti gbìn sára àwọn ènìyàn. Ó rí i pé lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ti lọ.

Nígbà tí Yves-Gérard Illouz ní ilẹ̀ Faransé mú kí fífa ọ̀rá pẹ̀lú ọ̀pá gbajúmọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀rá wá pọ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú u sójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló gbẹ láàárín oṣù díẹ̀, àwọn dókítà púpọ̀ sì ní ọgbọ́n náà kò wúlò.

Ẹni tó yí èrò wọn padà ni Sydney Coleman ní New York. Ohun tó sọ rọrùn láti lóye, àmọ́ ó gba sùúrù láti ṣe. Ó ní kí wọ́n rọra fa ọ̀rá náà, kó má baà fọ́. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ yí i kí ìdọ̀tí lè yà kúrò. Lẹ́yìn náà, dípò kí wọ́n da òkìtì sójú kan, kí wọ́n máa fi í sílẹ̀ ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, ní ọ̀nà púpọ̀, kí ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan lè fara kan ibi tí ẹ̀jẹ̀ wà. Lọ́dún 1995 ló tẹ ìwádìí jáde tó fi hàn pé ọ̀rá tí wọ́n gbìn báyìí lè wà lójú fún ọdún púpọ̀.

Lọ́dún 2012, àwọn onímọ̀ ní Japan, tí Kotaro Yoshimura wà lára wọn, ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Wọ́n ní ègé ọ̀rá kan ní ipele mẹ́ta. Ipele ìta, tí kò nípọn tó ìdajì mìlímítà, ló ń yè. Ní ipele àárín, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá náà yóò kú, ṣùgbọ́n irú-ọmọ sẹ́ẹ̀lì tó wà láàárín wọn lè hù di tuntun. Ipele inú pátápátá kò ní ìrètí. Ẹ ò rí i pé ohun tí Neuber fi ojú lásán rí ní 1893 náà ni?

KÀLẸ́ŃDÀ OJÚ TUNTUN

Níbi yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, ẹ̀yin ìyá wa àti ẹ̀yin àǹtí wa. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, ojú yóò wú. Kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló wà níbẹ̀; omi àti ìwúlé ọgbẹ́ wà lára rẹ̀. Àsìkò yìí ni àwọn oníṣòwò máa ń fẹ́ ya fọ́tò tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ìpolówó. Ẹ má ṣe fi fọ́tò ọ̀sẹ̀ kẹta ra ọjà ọdún mẹ́wàá.

Láàárín oṣù kìíní sí ìkẹta, ojú náà yóò máa fọn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń sunkún lákòókò yìí, tí wọn yóò ní wọ́n ti lu àwọn ní jìbìtì. Kì í ṣe jìbìtì ní gbogbo ìgbà; èyí tí kò ta gbòǹgbò ló ń lọ. Nígbà tó bá fi máa tó oṣù mẹ́fà, ohun tó máa lọ ti lọ. Ohun tó bá wà lójú lọ́jọ́ náà ni kí ènìyàn kà sí tirẹ̀.

Mélòó ló máa ń ṣẹ́ kù? Iye tí àwọn onímọ̀ ń rí kò bára mu rárá. Ọ̀pọ̀ ìròyìn wọn bọ́ sí àárín 30 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan sì jù bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ dókítà wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n fi í sí náà wà nínú rẹ̀: ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń gbà á ju ètè lọ, nítorí ètè kì í sinmi. Sìgá kò sì bá a rẹ́, nítorí ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nígbà tí ọ̀rá ń wá ẹ̀jẹ̀ kiri. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi máa ń padà lọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá ń ka owó lẹ́ẹ̀kan, kó mọ̀ pé ó lè di ẹ̀ẹ̀mejì.

Dókítà kan lè ní kí òun kúkú kó o kún jù látìbẹ̀rẹ̀, kí èyí tó kù lè pọ̀. Ọgbọ́n àgbọ́njù nìyẹn. Ọ̀rá tó bá dì pọ̀ jù, inú rẹ̀ yóò kú, ó sì lè di kókó líle lábẹ́ awọ.

"TÍTÍ LÁÉ" HA NI BÍ?

Èyí tó bá ti kọjá oṣù mẹ́fà sí ọdún kan, òótọ́ ni pé ó lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n nítorí pé alààyè ni, yóò máa bá olówó rẹ̀ rìn. Bí obìnrin náà bá sanra, ọ̀rá ojú rẹ̀ yóò sanra pẹ̀lú, nítorí ọmọ ikùn ni, kò gbàgbé ilé. Bí ó bá rù, yóò rù. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, ogbó kò dúró. Awọ yóò máa tín-ín-rín, egungun ojú pàápàá yóò máa dínkù, ọ̀rá àbínibí yóò máa lọ. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ọ̀rá tí wọ́n gbìn lè ṣì wà níbẹ̀, kí ojú tó yí i ká sì ti dàgbà ní ọdún mẹ́wàá.

Ẹ jẹ́ kí á fi ilà ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn baba ńlá wa tó kọ àbàjà, pélé àti gọ̀ǹbọ́ kò béèrè iye ọdún tí yóò lò. Àpá ni ilà. Ó máa ń bá ènìyàn dé sàréè. Ọ̀rá kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ohun kan máa yè lójú òun, ó ti gbà kó máa yí padà nìyẹn.

EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Bí abẹ́rẹ́ bá ṣi ọ̀nà, tó gbé ọ̀rá wọnú iṣan ẹ̀jẹ̀, pàápàá ní àárín ojú méjèèjì àti ẹ̀gbẹ́ imú, ọ̀rá náà lè dí iṣan tó ń bọ́ ojú tàbí ọpọlọ. Àwọn ènìyàn ti fọ́jú báyìí, àwọn kan sì ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀. Oògùn wà tó lè yọ́ filler hyaluronic acid. Kò sí èyí tó ń yọ́ ọ̀rá bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé iṣẹ́ abẹ méjì ló wà nínú rẹ̀: fífà jáde àti fífi sínú. Ìyáàfin Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ orílẹ̀-èdè wa nígbà náà, ṣaláìsí ní ilẹ̀ Sípéènì ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń fa ọ̀rá kúrò lára. Ní 2009, ilé ẹjọ́ níbẹ̀ dá dókítà tó ṣe é lẹ́bi àìkíyèsára. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó ààrẹ ní òkè òkun, kí ẹni tó ń lọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé aṣerunlóge tún inú rò.

ÀWỌN TÍ KÌ Í ṢE FÁÀRÍ

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí á fi gbogbo rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn kan wà tí ọgbọ́n yìí jẹ́ àánú fún. Ẹni tí iná jó tàbí tí mọ́tò gbá, tí ojú rẹ̀ jìn sápá kan, ń bẹ nínú wọn. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní Parry-Romberg, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, máa ń mú kí ìlàjì ojú gbẹ. Stavudine, oògùn HIV kan tí àwọn ènìyàn lò púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn aláìsàn tó fi jẹ́ pé aládùúgbò ń fi ojú mọ̀ wọ́n, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ní lọ́dún 2009 pé kí wọ́n máa fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Fún irú àwọn wọ̀nyí, kódà bí ìdajì ló bá ṣẹ́ kù, ìdajì náà tó kí wọ́n fi gbé ojú sókè lọ́jà.

Ní tiwa, a kò ní kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú ojú rẹ̀. Yorùbá tó ń lé tìróò, tó ń kun osùn, tó ń lé làálì, kò lè bú ẹni tó fẹ́ dára. Ohun tí à ń wí ni pé kí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ṣé orúkọ dókítà náà wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ MDCN tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀? Ṣé iṣẹ́ abẹ àtúnṣe ara gan-an ló kọ́? Ṣé ó lè fi fọ́tò ọdún kan hàn yín, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mejì, ta ni yóò sanwó rẹ̀? Bí ojú bá ṣókùnkùn lójijì lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ni yóò ṣe? Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ kó owó yín, ẹ máa lọ sílé.

Ojoojúmọ́ là ń gbàdúrà kí á gbó, kí á tọ́. Bí àdúrà náà bá gbà, ojú ni yóò kọ́kọ́ sọ fún ayé. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe, kó tún un ṣe, ṣùgbọ́n kó má ra "títí láé" lọ́wọ́ ẹni tí kò ní in tà.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.