Kí Ẹ Tó Ra Bátìrì Tuntun

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ṣì ń gbé Peugeot 504 àtijọ́ lọ sílé ọdún, ẹ jẹ́ kí a fi tiwa ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ gbéra ní Kàdúná, ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. A sáré ra bátìrì tuntun. Kí a tó dé Lọ́kọ́ja, iná iwájú ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lóru ni ọkọ̀ kú, tọmọ tẹrù. Ìyá wa kò sùn nílé. Bátìrì kò jẹ̀bi rárá: waya tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀ ni ìpẹtà ti jẹ.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ ha orí bátìrì mọ́, kí ẹ sì dè é le. Ẹ yẹ waya tó lọ sí ara ọkọ̀ wò. Lẹ́yìn náà, kí rewáyà fi mítà wọ̀n ọ́n. Bí ọkọ̀ bá sùn mọ́jú, bátìrì tó yè yóò fi nǹkan bíi fóòtì 12.6 hàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kó wà láàrin 13.8 àti 14.4. Bí kò bá kúrò ní 12, iná kò wọ bátìrì nìyẹn. Ẹ wo bẹ́líìtì àti átánétọ̀.

Bí fíúsì bá jó, ẹ má fi waya lásán rọ́pò rẹ̀. Fíúsì ń jó kí ọkọ̀ má baà jó ni.

A ó délé láyọ̀ o.