Ẹ Má Fi Gíríìsì Bo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ Mọ́lẹ̀

Ní ọdún 1910, ọkùnrin ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí ère orí tí wọ́n ń pè ní orí Olókun, ẹnu sì yà á. Ṣùgbọ́n kò gbà pé Yorùbá ló ṣe é. Ó ní ìyókù Atlantis nìyẹn, ilẹ̀ tí Plato ará Gíríìsì sọ pé òkun bò mọ́lẹ̀. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ tún hú àwọn orí mìíràn jáde. Lónìí àwọn onímọ̀ gbà pé ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ni iṣẹ́ náà ti wá, láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1500. Ìròyìn Frobenius ti kú ní Ifẹ̀. Àmọ́ ó ṣì ń mí nínú kíláàsì wa níbí ní Yewa.

Wọ́n ń kọ́ wa pé Gíríìsì ni orísun ọ̀làjú, pé níbẹ̀ ni ìjọba ará ìlú àti eré orí ìtàgé ti ṣẹ̀. A há a sórí. Ọmọ tó lè ka orúkọ Sophocles àti Euripides láìkólòlò kò mọ iṣẹ́ tí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ ń ṣe lóru Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Olùkọ́ wa kan tilẹ̀ sọ pé ìbọ̀rìṣà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, kí ẹnikẹ́ni má lọ wò ó. Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n kọ́ wa ní eré àwọn ará Athens, tí wọ́n ń ṣe níbi ọdún òrìṣà Dionysus. Mo béèrè ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Wọ́n ní kí n lọ kúnlẹ̀.

N kò bá Gíríìsì jà. Òkè pọ̀ ní ilẹ̀ wọn, ilẹ̀ oko kò tó nǹkan, nítorí náà ìlú kọ̀ọ̀kan dá dúró: Athens, Sparta, Corinth. Wọ́n ń bára wọn jagun, síbẹ̀ èdè kan ni wọ́n ń sọ, wọ́n sì jọ ń díje ní Olympia. Wọ́n gba álífábẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ àwọn ará Foníṣíà, wọ́n fi fáwẹ̀lì kún un. Wọ́n wo Íjíbítì kí wọ́n tó máa gbẹ́ ère òkúta ńláńlá. (Àwọn tó ń pariwo pé wọ́n jí gbogbo ìmọ̀ wọn lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú náà ń ṣe àsọdùn. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ kì í ṣe olè.) Ìjọba ará ìlú tí à ń yìn yẹn pàápàá, ẹrú kò lóhùn níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni obìnrin.

Ẹ wá wo ọ̀dọ̀ wa. Kétu, Ìmẹ̀kọ, Ìlaró: ìlú kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọba tirẹ̀, èdè wọn jọra. Dahomey kó Kétu ní 1886. Àwọn ìlú kéékèèké tí ogun tú ká ló para pọ̀ di Ayétòrò. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà: Kétu bọ́ sọ́hùn-ún, Ìmẹ̀kọ bọ́ síbí. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kò mọ ààlà yẹn rárá. Ní Athens, ọkùnrin nìkan ló ń ṣeré, wọ́n á fi ìbojú ṣe obìnrin. Ọkùnrin ló ń gbé igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà, wọ́n á di gèlè, wọ́n á wé ìró, ṣùgbọ́n tiwa, àwọn ìyá wa ni wọ́n fi ń yẹ́ sí. Ní 424 ṣáájú ìbí Jésù, Aristophanes fi Cleon, alágbára ìlú Athens, ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Lóru Ẹ̀fẹ̀, olórin á dúró láàárín ọjà, á fi orin bá olówó àti ìjòyè wí, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ayé mọ̀ ọ́n, àwa là ń sá fún un.

Ibi kan wà tí Gíríìsì ti fẹ̀yìn wa balẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Eré mọ́kànlá Aristophanes ṣì wà lódindi títí dòní. Orin Ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n kọ lọ́dún tí wọ́n bí àwọn òbí wa, mélòó ló kù? Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ní kí a kọ́ Oedipus, a gbà. Ọlá Rótìmí náà kọ́ ọ, àmọ́ ní 1968 ó gbé e wọ ìlú Yorùbá, ó di The Gods Are Not to Blame. Ẹ gbà wá láyè kí a ṣe irú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ẹgbẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ wá sí kíláàsì lẹ́ẹ̀kan ní táàmù. Ẹ̀yin òbí, ẹ má so àwọn ọmọ mọ́lé lóru ọjọ́ náà. Ẹ fún wọn ní ìwé àti bírò, kí wọ́n lọ gbọ́ ohun tí wọ́n ń kọ.

Bàbá àgbà kan wà ní àdúgbò wa tó jẹ́ olórin Ẹ̀fẹ̀ nígbà èwe wọn. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo ti kọ orin mẹ́rìnlá sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n ní èyí tó kù pọ̀ ju ìyẹn lọ, kí n tún padà wá lọ́jọ́ Sátidé.