Ta Ni A Ń Wàásù Ìrẹ̀lẹ̀ Fún?

Kò sí ọ̀rọ̀ tí a ń gbọ́ lórí àga ìwàásù tó ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ a máa gbọ́ ọ, àwọn ọmọ-ọ̀dọ̀ a máa gbọ́ ọ, àwọn obìnrin ilé a máa gbọ́ ọ pẹ̀lú. Bí oníwàásù bá sì dé ibi tí ó ti ń sọ pé kí olúkúlùkù rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀, àwọn tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ni ojú rẹ̀ sábà máa ń wò. Àwọn tí ó wà ní iwájú, tí a ti kọ orúkọ wọn sí ara àga, a mi orí pé òtítọ́ ni, nítorí wọ́n gbà pé ẹlòmíràn ni a ń bá wí. Irú ìwàásù bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣe, kì í sì í bí alágbára kankan nínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú rẹ̀ ni ó wà nínú Bíbélì. Ẹni tí ó bá fi ara balẹ̀ ka ìwé náà yóò rí i pé àwọn ẹni gíga ni ọ̀rọ̀ ìrẹ̀lẹ̀ kọ́kọ́ ń wá kiri.

Ìtàn Náámánì fi èyí hàn kedere. Olórí ogun ni ní ilẹ̀ Síríà, ọba fẹ́ràn rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Ṣùgbọ́n adẹ́tẹ̀ ni. Ní ilé rẹ̀ ni ọmọdébìnrin kan wà tí àwọn ọmọ-ogun kó lẹ́rú láti ilẹ̀ Ísírẹ́lì, tí ó ń ṣe ìránṣẹ́ fún aya rẹ̀. A kò mọ orúkọ ọmọ náà títí di òní. Òun ni ó sọ fún ìyá-ilé rẹ̀ pé wòlíì kan ń bẹ ní Samáríà tí ó lè wo olúwa òun sàn. Àwọn Yorùbá ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún àgbà láti pa òwe náà ju kí ó tẹ̀lé e lọ, pàápàá bí ọmọdé náà bá jẹ́ ẹrú. Náámánì gbọ́ tirẹ̀. Ó di tálẹ́ńtì fàdákà 10, ìwọ̀n wúrà 6,000 àti ìpààrọ̀ aṣọ 10, ó gba ìwé lọ́wọ́ ọba, ó sì gbéra pẹ̀lú ẹṣin àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ó dé ẹnu-ọ̀nà Èlíṣà, wòlíì kò tilẹ̀ jáde sí i. Ìránṣẹ́ ni ó rán pé kí ó lọ wẹ̀ nínú odò Jọ́dánì ní ìgbà 7. Inú bí olórí ogun. Ó ti rò pé wòlíì yóò jáde wá, yóò dúró, yóò ké pe Ọlọ́run rẹ̀, yóò sì na ọwọ́ sí ibi tí àrùn náà wà. Ó béèrè bí odò méjèèjì ti Dámásíkù kò bá dára ju gbogbo omi Ísírẹ́lì lọ, ó sì yí padà pẹ̀lú ìrunú. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn, tí wọ́n pè é ní baba, tí wọ́n sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í pé, bí ó bá ṣe ohun ńlá ni wòlíì ní kí ó ṣe, ṣé kò ní ṣe é ni? Ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí odò, ara rẹ̀ sì padà bọ̀ sípò bí ara ọmọ kékeré.

Ẹnikẹ́ni kò wàásù ìrẹ̀lẹ̀ fún ẹrúbìnrin náà nínú ìtàn yìí. A kò wàásù rẹ̀ fún àwọn ìránṣẹ́ náà. Ohun tí ojú wọn ti rí ti kọ́ wọn tó. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ogun ni a ní kí ó sọ̀kalẹ̀. Àwọn ẹni kékeré wọ̀nyí kan náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbàgbọ́. Ọba Ísírẹ́lì ní tirẹ̀, nígbà tí ó ka ìwé tí Náámánì mú wá, aṣọ ara rẹ̀ ni ó fà ya.

Èdè Yorùbá pàápàá ti so ìrẹ̀lẹ̀ àti ìgbàgbọ́ pọ̀, nítorí ìgbàgbọ́ ni kí a gbà, kí a sì gbọ́. Ẹni tí kò bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí ó kéré sí i, kí ni yóò gbà? Balógun ọ̀rún tí ó wà ní Kápánáúmù mọ èyí. Ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn, àwọn àgbà Júù sì lọ bẹ Jésù nítorí rẹ̀. Wọ́n ní ó yẹ ní ẹni tí à ń ṣe é fún, nítorí òun ni ó kọ́ sínágọ́gù fún wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pé òun kò yẹ tó ẹni tí Jésù ń wọ abẹ́ òrùlé òun. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni Jésù yìn níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kò mẹ́nu ba ilé tí ó kọ́. Àwọn ìjọ tí ń kọ orúkọ olówó sára ògiri ì bá tún ibẹ̀ kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn kan gbà pé bí a bá fẹ́ gba Ọlọ́run ní àlejò, ohun tí ó kù ni kí a tún ilé ìjọsìn kùn, kí a wọ aṣọ tí ó dára, kí a sì gbé ohùn orin sókè. Èyí kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa mọ àlejò í ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọn a fún un ní omi, wọn a tẹ́ ẹní fún un, kí wọ́n tó béèrè ohun tí ó bá wá. Ábúráhámù ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ooru ọ̀sán ní Mámúrè. Ó sáré pàdé ọkùnrin mẹ́ta, ó tẹrí ba mọ́lẹ̀, ó ní kí a bu omi ìwẹsẹ̀ wá, ó sì mú ọmọ màlúù fún pípa. Kò kọ́kọ́ béèrè bóyá ènìyàn pàtàkì ni wọ́n.

Nínú ìtàn àwọn Yorùbá, àpẹẹrẹ kan wà tí ó yẹ kí àwọn oníwàásù máa rántí. Ní ọdún 1821 ni a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí lẹ́rú ní Ọ̀ṣogùn. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Ṣàró. Níbẹ̀ ni ó ti kàwé tí ó sì di Samuel Ajayi Crowther. Ní 1843 a fi í joyè àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kínní, 1844, ó ṣe ìsìn ní Freetown ní èdè Yorùbá. Èdè tí ó bá dàgbà ni, ó sì ti tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún tí ó ṣáájú. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ní ọjọ́ náà òun dàbí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọhùn, àti pé ohun gbogbo rí lójú òun bí àlá. Ẹsẹ tí ó fi wàásù wà nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 1, ẹsẹ 35, níbi tí áńgẹ́lì ti ń dá Màríà lóhùn. Nígbà tí ó súre tán, gbogbo ilé náà dáhùn pé kí ó ṣẹ.

Kì í ṣe pé àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn kò gbọ́ ìwàásù rí. Ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé oníwàásù sọ̀kalẹ̀ láti orí èdè tí ó fi gba ipò wá sí èdè tí wọ́n fi ń ná ọjà, kò sì tijú pé ahọ́n òun wúwo níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe iṣẹ́ náà pàápàá, èyíinì ni wàásù, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni àwọn ìjọ ti rí i, àti àlùfáà, àti àdúrà. Ẹni tí ó bá ń fi Mùsùlùmí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí àga ìwàásù, ẹnu wọn ni ó yá sọ̀rọ̀.

Ní oṣù Kẹjọ, 1846, ọmọ yìí rí ìyá rẹ̀ Àfàlá ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn ọdún 25. Ní oṣù Kejì, 1848, ìyá náà wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ ṣe ìrìbọmi fún ní ìlú náà. Ìyá gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọmọ.

Ẹlòmíràn yóò wí pé irú ìrẹ̀lẹ̀ yìí a máa sọ ènìyàn di ẹni ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ tì, nítorí ọ̀pọ̀ ni a ti fi ìwàásù ìrẹ̀lẹ̀ pa lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n Crowther kan náà ni ó fi ìyàtọ̀ hàn. Ó ti di bíṣọ́ọ̀bù láti 1864. Ní 1890, nígbà tí ó ti di ẹni ọgọ́rin ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó tí ọjọ́ orí wọn kéré púpọ̀ sí tirẹ̀ jókòó ní ìgbìmọ̀ ní Onitsha, wọ́n sì dá díẹ̀ nínú àwọn àlùfáà rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ Dandeson, tí í ṣe áṣídíákónì, wà nínú wọn. Àgbàlagbà náà kò fi ìrẹ̀lẹ̀ bo ohun tí kò tọ́. Ó fi ipò rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wà ní Onitsha ní ọjọ́ náà tí ìwàásù ìrẹ̀lẹ̀ tọ́ sí, kì í ṣe òun.

Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, 1891, òyìnbó ni a sì fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1892, àwọn ìjọ tí ó wà ní Niger Delta, tí Dandeson jẹ́ olórí wọn, yọ ara wọn kúrò lábẹ́ àkóso ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì náà. Wọ́n ń ṣe ìsìn wọn bí ti àtẹ̀yìnwá, owó tiwọn ni wọ́n sì fi ń bọ́ àwọn àlùfáà wọn.