Ìdágbére Ju Kéèkì Lọ

Bí ìròyìn bá ti jáde pé wọ́n ń gbé Fádà tàbí Sísítà kan kúrò ní míṣọ̀n, nǹkan méjì ni àwa ọmọ ìjọ sábà máa ń ṣe. Àwọn kan á kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má gbé e lọ. Àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó ti gé kéèkì, a ó ti ya fọ́tò, a ó sì ti sunkún. Tó bá fi máa di oṣù kejì, iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe láàrin wa á ti kú.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kan àwa ọmọ Ìlárá báyìí. Sísítà tó kọ́ púpọ̀ nínú wa ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ kí a tó wọ yunifásítì ti gba ìwé pé kó lọ síbòmíràn. A ò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ ariwo. Lórí WhatsApp wa, àríyànjiyàn ti ń lọ lórí àwọ̀ aṣọ àti irú fíríìjì tí a ó rà fún un. Èrò tiwa nìyí: ẹ jẹ́ ká fi èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn, kó má bàa bá Sísítà lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Ẹ̀jẹ́ mẹ́ta ni àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́ ìsìn Àgùdà máa ń jẹ́: pé àwọn ò ní kó ohun ìní jọ fún ara àwọn, pé àwọn ò ní lọ́kọ tàbí láya, àti pé àwọn yóò gbọ́ràn sí olórí àwọn lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó fi ipá mú Sísítà wa jẹ́ ẹ. Bí a bá ní kó má lọ, ohun tí à ń sọ ni pé kó sẹ́ ẹ̀jẹ́ rẹ̀ nítorí tiwa. Ọ̀rọ̀ fíríìjì náà kò yàtọ̀. Ohunkóhun tí a bá fi ta á lọ́rẹ, ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò jẹ́, kì í ṣe tirẹ̀. Àwa tí a jókòó sí kíláàsì rẹ̀ ló yẹ kó mọ èyí jù.

Ìtàn ìjọ Àgùdà ní ilẹ̀ wa fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdágbére. Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac ló dá ẹgbẹ́ SMA sílẹ̀ ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní 1856. Ní 1859, òun fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ òkun wá sí Freetown. Kò lò tó oṣù méjì níbẹ̀ tí ibà fi pa á. Ká ní ẹkún nìkan ni àwọn tó kù ní Lyon mọ̀ ọ́n sun ni, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n Fádà Augustin Planque dìde, ó gba iṣẹ́ náà ṣe, nígbà tó sì di 1861, wọ́n ti rán àwọn míṣọ́nnárì mìíràn wá sí Ouidah ní Dàhòmì.

Èyí tó tún sún mọ́ wa jù ni ti Fádà Francis Aupiais, ọmọ ẹgbẹ́ SMA kan náà. Ó dé Dàhòmì ní 1903, ó sì di olórí ilé-ìwé míṣọ̀n ní Àjàṣẹ́, tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo. Ní 1925, ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ La Reconnaissance Africaine. Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ló jẹ́ kó kọ ìtàn àti àṣà wọn sínú rẹ̀. Paul Hazoumé wà lára wọn. Thomas Mouléro, ọmọ Kétu, wà lára wọn pẹ̀lú, ẹni tó kọ ìtàn ìlú Kétu sílẹ̀.

Ní 1926, Aupiais padà sí ilẹ̀ Faransé. Ó tún wá ní ìparí 1929, ó sì bá wọn ya fíìmù àwọn ayẹyẹ ìbílẹ̀ Dàhòmì. Fíìmù yẹn bí àwọn aláṣẹ ìjọ nínú, wọn kò sì gbà á láyè mọ́ láti padà síbẹ̀. Ó gbọ́ràn. A ò ní sọ pé kò dùn ún, a ò sì ní sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún un dára. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tó fi sílẹ̀. Mouléro ti di Fádà ní 1928, òun sì ni ọmọ ilẹ̀ Dàhòmì àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Hazoumé gbé ìwé ìtàn rẹ̀, Doguicimi, jáde ní 1938. Nígbà tó di 1945, wọ́n dìbò yan Aupiais àti Sourou Migan Apithy, ọmọ Àjàṣẹ́, pé kí wọ́n lọ ṣojú Dàhòmì àti Togo ní Paris. Aupiais kú ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò kú. Lónìí, ilé-ìwé kan ní Kútọnu ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ifẹ̀ náà ní àpẹẹrẹ tiyín lójúde. Láti 1947 di 1954, Fádà Kevin Carroll, ọmọ ẹgbẹ́ SMA, wà nídìí ilé iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níbi tí Bámidélé, ọmọ Àrẹ̀ógún, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní igi gbígbẹ́. Ibẹ̀ ni Lamidi Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́. Mùsùlùmí ni Fákẹ́yẹ, ìyẹn kò sì dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé, Fákẹ́yẹ kò ju ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó gbẹ́ ère Odùduwà tó wà ní OAU, ó sì kọ́ àwọn mìíràn níṣẹ́ títí ó fi kú ní 2009. Irú ìdágbére tí à ń sọ nìyẹn.

Àwọn kan nínú wa ti ní ahun ni wá, pé Yorùbá kì í jẹ́ kí àgbà lọ lọ́wọ́ òfo. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká se ìrẹsì, ká lu ìlù, ká jó, ká sì kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ọjọ́ kan náà ni ìyẹn gbà. Ohun tí à ń bẹ̀rù ni ọjọ́ kejì.

Nítorí kì í ṣe ìlú kan lásán ni Ìlárá. Láti 1889 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ti jókòó pín ilẹ̀ láìbi wá, Kétu tó jẹ́ orírun wa bọ́ sọ́wọ́ Faransé, àwa sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ìbátan wa wà ní Ìlárá-Kanga lọ́hùn-ún. Ọmọ ìyá kan náà lè máa fi Faransé kàwé kí èkejì máa fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kí wọ́n sì jọ máa fi Yorùbá jà nílé. Ní ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ Sísítà, orí bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n ń jókòó sí. Bí ẹ̀kọ́ yẹn bá kú, àwọn olówó á rán ọmọ wọn lọ sí Ìlaròó tàbí Abẹ́òkúta. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ àti ti ìyá oníṣòwò ẹnu ibodè ni yóò padà sílé.

Ohun tí a dábàá rèé. Kí Sísítà tó lọ, kí àwọn mẹ́ta nínú wa jókòó tì í pẹ̀lú fóònù, kí a gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀: báwo ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò fún ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òbí wo ló yẹ ká lọ bá. Kí owó tí a dá ra ṣọ́ọ̀kì, ìwé àti iná sólà. Kí àwọn tó wà nílé nígbà ìsinmi pín ọjọ́ láàrin ara wọn, kí ẹ̀yin tí ẹ ti jáde sì máa fún olùkọ́ kan ní owó ọkọ̀ lóṣooṣù. Ẹni tí wọ́n bá rán wá rọ́pò rẹ̀, ẹ má jẹ́ ká máa fi wé Sísítà lójoojúmọ́.

Àlàfo tó wà nínú ìwé ìpín-ọjọ́ wa báyìí ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́bọ̀. Ta ni yóò mú un?