Àìsùn Kọ́ Ni Ojúfò

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ṣé ọ̀kan náà ni ẹni tí kò sùn àti ẹni tó wà lójúfò? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́ o.

Lóṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, èmi àti bọ̀ọ̀dá mi lọ wo àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń tàn án, á sì máa jó títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àwa náà ò sùn. Láàárọ̀, bọ̀ọ̀dá mi jẹ obì, wọ́n ní oorun ò kun àwọn, a bá kọrí sí Iléṣà. A ò tíì rìn jìnnà tí ọkọ̀ fi ń yà sígbó. Mo wo ojú wọn: ó là sílẹ̀! Mo pariwo, wọ́n ta gìrì, wọ́n tẹ búréèkì. Wọ́n ní àwọn ò sùn. Wọn ò parọ́. Wọn ò mọ̀ ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Látìgbà tá a bá ti jí ni èròjà kan tó ń jẹ́ adenosine á ti máa pọ̀ sí i nínú ọpọlọ. Ó wà lára ohun tó ń jẹ́ kí oorun kun èèyàn. Tá a bá sùn, á dín kù. Caffeine inú obì àti kọfí kì í lé e lọ. Ìjókòó rẹ̀ ló kàn ń gbà. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀.

Àwa Ìjẹ̀ṣà sì mọ bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè. Òṣómàáló tó tà ọ́ láṣọ àwìn á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ títí wàá fi sanwó. Bí oorun náà ṣe rí nìyẹn. Tó bá yá, ọpọlọ á fi tipátipá sùn fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kódà kójú là sílẹ̀. Téèyàn bá ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3, ọkọ̀ ti rin ohun tó ju mítà 60 lọ láìsí ẹni tó ń wà á.

Lọ́dún 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid ní Ọsirélíà fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17 ń ṣe bí ẹni tó ti mutí dé ìwọ̀n tí òfin ibẹ̀ ò fi ní jẹ́ kó wakọ̀.

Mi ò ní ká pa àìsùn tì o, ì báà jẹ́ ti ọdún Ọ̀ṣun, ti ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ìdánwò. Àmọ́ kẹ́ni tó bá fẹ́ ṣàìsùn ti wá ibi tó máa sùn sí láàárọ̀. Ẹni tó sùn dáadáa ló lè wà lójúfò.

Lọ́dún yìí, a ti bẹ ọ̀rẹ́ wa kan ní Òṣogbo kó yá wa ní ẹní. Tá a bá sùn tán, ọ̀sán la máa padà sílé.